Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń tún ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ tẹ̀: Ẹ jẹ́ kí “ìwé” máa jẹ́ ìwé

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kó àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ojú lójú iṣẹ́. Mo mọ ohun tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ orí bébà tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ máa ń fi ojú ènìyàn ṣe. Ìdí iṣẹ́ yìí ni èmi náà wà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé àwòrán ojú ìwé kan sí apá òsì kọ̀ǹpútà mi, tí mo sì ń tẹ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, “ìwé” sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣíwọ́ pípààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí pé ìlànà méjì ni wọ́n fún àwa tí a ń tẹ̀ ẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí a kọ “aiye” ní ayé, kí a kọ “enia” ní ènìyàn, kí “nwọn” di wọ́n, kí “li” di ní níbi tó bá yẹ. N kò bá ìyẹn jà. Àkọtọ́ lásán ni, àwọn àgbà onímọ̀ ti jókòó lé e lórí, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i láti 1974. Ìlànà kejì ló ń dùn mí. Ó ní kí a wo ibi gbogbo tí “iwe” bá ti wà, kí a fi ọ̀rọ̀ tó “ṣe kedere” rọ́pò rẹ̀: lẹ́tà níbi tó bá ti jẹ́ lẹ́tà, rìsíìtì níbi tó bá ti jẹ́ rìsíìtì, ẹ̀kọ́ níbi tó bá ti jẹ́ ẹ̀kọ́. Mo tẹ̀lé e. Ọgọ́rùn-ún ojú ìwé ó lé ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé mo ń ran ẹni tó máa kà á lọ́wọ́.

Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni bàbá kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọmọ wọn ló rí ojú ìwé kan tí mo tẹ̀, ó sì bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìkéde kékeré kan ni, ìlà mẹ́jọ péré, láti inú ìwé ìròyìn kan tó ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹnì kan ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ilẹ̀ kan kì í ṣe títà, nítorí bàbá òun ti kọ ìwé rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Níbi tí ìwé ìròyìn ti ní ó kọ ìwé fún un, èmi ti tẹ̀ ẹ́ pé ó kọ lẹ́tà sí i.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn ní àga. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n tẹ́ bébà náà sórí orúnkún, wọ́n fi ìka lé ìlà kẹta.

“Ọmọ mi, lẹ́tà wo nìyí? Bàbá wa ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n kọ.”

Wọ́n ki ọwọ́ sí àpò agbádá wọn, wọ́n fa ọ̀rá kan yọ tí wọ́n fi okùn dì, wọ́n sì tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bébà gígùn kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ ní mẹ́rin. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti ń ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù gbà á mú. Ìka mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, ìka àtàǹpàkò tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀, ó ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ìlà ara ìka náà ṣì hàn bí ìlà orí àpáta. Ẹgbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni akọ̀wé kan kọ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sí. Ìka àárín ni ti bàbá tó bí bàbá wọn lọ́mọ. Àgbẹ̀ ni. Kò mọ̀wé. Kò lè ka ìlà kan nínú ohun tó tẹ̀ka sí, síbẹ̀ òun ló kọ ìwé náà, gbogbo ìdílé ló sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kò mọ̀wé, ó sì kọ ìwé. Ẹ wo bí èdè wa ṣe gbé méjèèjì jókòó pọ̀ láìjà. Ọ̀rọ̀ ti èmi fi rọ́pò rẹ̀ ti sọ ọkùnrin yẹn di ẹni tó jókòó pẹ̀lú gègé, tó ń kí ọ̀rẹ́ nínú lẹ́tà, ó sì ti gba ilẹ̀ kúrò nínú ìkéde ilẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Ẹ kọ̀wé sí ènìyàn, lẹ́tà ni. Ẹ kọ ìwé fún ènìyàn, ẹ̀rí ni, ohun tí a lè gbé síwájú adájọ́. Ẹ já ìwé fún un, ara ìdìpọ̀ la ti fà á ya, owó ti wọlé, gẹ́gẹ́ bí agbowó-orí ṣe máa ń já ìwé owó orí. Ọ̀rọ̀ ìṣe “já” yìí fúnra rẹ̀ ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn, ẹ lè gbọ́ ìró bébà náà bó ṣe ń ya. Ẹ fi ìwé pe ènìyàn, ó lè jẹ́ ìnáwó, ó lè jẹ́ kóòtù. Ìlà tó bá tẹ̀lé e ni yóò sọ bóyá ẹni náà máa dáṣọ tàbí kó wá agbẹjọ́rò. Ẹ fọwọ́ síwèé, àdéhùn ti wọ̀ ọ́. Ẹ rán ọmọ níwèé, ọdún púpọ̀ ni owó yóò fi máa jáde lápò yín. Ẹ fi ìwé rán ọmọ, ó máa dé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

“Ìwé dé láti Èkó.” Gbólóhùn tèmi nìyẹn, n kò kà á nínú ìwé ìròyìn kankan, mo ṣe é kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kí ló dé? Ó lè jẹ́ lẹ́tà ẹnì kan, ó lè jẹ́ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ àpótí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ó lè jẹ́ àṣẹ ìjọba tí wọ́n fẹ́ kà fún ọba àti àwọn ìjòyè. Ẹni tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé àwọn tó ń kà á mọ èyí tí òun ń sọ. Bí a bá wá fi lẹ́tà dí i, ilẹ̀kùn kan là ń ṣí, mẹ́ta là ń tì pa.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn lédè wa pàápàá, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS (Church Missionary Society), gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta, orúkọ tó sì fún un ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, nítorí náà ọdún mẹ́rìndínlógún péré ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó ka owó ẹyọ 120 sílẹ̀ láti ra bébà yẹn kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan fún lẹ́tà, òmíràn fún ìwé ìròyìn, òmíràn fún sátífíkéètì. Ìwé ni gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ bá wà lára rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun fún un ni “ìròhìn” tó tẹ̀lé e: pé ìwé kan wà tí kì í ṣe ti Ọlọ́run, tí kì í ṣe ti ọ̀rẹ́, tí kì í ṣe ti gbèsè, tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ló gbé wá. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n bí, ìrìn àwọn òjíṣẹ́ ìjọ, iye tí wọ́n ń ra òwú. Oṣù Kẹwàá 1867 ló dópin, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò nílùú tí wọ́n sì fọ́ ilé wọn.

Nígbà tí Èkó máa gbé tirẹ̀ jáde ní 1888, Ìwé Ìròhìn Èkó ni wọ́n ṣì pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó máa ń wú mi lórí. Ẹ wo orúkọ àwọn tó jáde láàárín 1920 sí 1930: Èkó Àkéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, lẹ́yìn náà Akéde Èkó. Ìwé ti kúrò nínú orúkọ wọn. Ìwé ìròyìn ti di ẹni tó ní etí, ó ti di akéde tó ń lu agogo kiri ìlú. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ débi pé kò sí ìdí láti kọ ọ́ sí iwájú ilé mọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ló wà, nínú gbogbo ìlà, ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí bí ó ṣe ṣí kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó sì fìdí múlẹ̀ nínú yàrá, ojú ìwé tí a kò tíì fọwọ́ bà ló máa fi rí i.

Ní Ìbàdàn, Denrele Adetimikan Obasa, tó ni Yoruba News láti 1924, máa ń tẹ ewì sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní 1927 ó kó wọn jọ, ó pè é ní Ìwé Kínní ti Àwọn Akéwì. Ẹ dá ojú dúró lórí “Ìwé Kínní” yẹn. Kì í ṣe pé ó ń sọ pé ìwé àkọ́kọ́ tí akéwì kan kọ nìyí. Apá kìn-ín-ní ni. Ìkejì àti ìkẹta ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì dé ní tòótọ́. Àwọn òbí wa náà lo ìtumọ̀ tó sún mọ́ èyí nígbà tí wọ́n bá ní ẹnì kan “ka ìwé mẹ́fà”. Kì í ṣe iye ìwé tó kà ni wọ́n ń kà, ìpele tó dé ní ilé ìwé ni. Mo ti rí ẹni tó tú irú rẹ̀ pé ọkùnrin náà ka ìwé mẹ́fà péré láyé rẹ̀. Ó dùn mí fún ọkùnrin náà, torí láyé ìgbà rẹ̀, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà lè di olùkọ́, ó lè di akọ̀wé ìjọba.

Àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Akéde Èkó. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú rẹ̀, ń tẹ lẹ́tà obìnrin aláìsàn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé ara rẹ̀ fún àwọn tó ń kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lódindi. Ẹ wá wò ó: obìnrin kan kọ ìwé sí olóòtú, olóòtú tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tirẹ̀, ìwé yẹn wá di ìwé. Ìtàn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì gbé e láti ibùsùn aláìsàn dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Bí a bá pín in sí lẹ́tà, gasẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìtàn, òótọ́ ni a sọ, ṣùgbọ́n a ti gé okùn tí Thomas fi so wọ́n pọ̀, ìyẹn okùn tó jẹ́ kí àwọn ará Èkó gbà á gbọ́.

Ibì kan tún wà tí ìwé kò ti gbòòrò bí a ṣe rò. Nínú ilé wa, ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ nípa àbúrò wọn ọkùnrin pé, “Ó kéú, kò kàwé.” Ọkùnrin yẹn lè ka Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi gègé àti tàdáà kọ ọ́ sára wàláà fún àwọn ọmọ kéú. Síbẹ̀, kò kàwé. Lẹ́nu wọn, ti ilé ìwé òyìnbó nìkan ni ìwé, ti ilé kéú ní orúkọ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i nínú ìròyìn àtijọ́ pé àwọn ará ìlú kan “kò mọ iwe”, ẹ má ṣe yára tẹ̀ ẹ́ pé wọn kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ó lè jẹ́ pé ìdajì wọn ń kọ èdè Lárúbáwá. Gbogbo ìlú la máa fi bẹ́ẹ̀ sọ di òpè nítorí ọ̀rọ̀ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀mọ̀wé. Lónìí, oyè ẹni tó gboyè ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì ni. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ti mọ ìwé kà ni. Akọ̀wé sì lè jẹ́ ẹni tó ń bá àwọn ìyá wa kọ lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ó lè jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Mo kàn fẹnu bà á ni, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ tó ń bá wa ka àwòrán ojú ìwé náà tún nílò àmójútó. Àmì ohùn kò pọ̀ nínú àwọn bébà yìí, àmì abẹ́ “ẹ” sì máa ń parẹ́ níbi tí yíǹkì bá ti fẹ́lẹ́. “Ile iwe” tí ẹ̀rọ bá gbé jáde lè jẹ́ ilé ìwé, ó lè jẹ́ ilé ìwẹ̀. Nínú ìròyìn ìmọ́tótó, méjèèjì lè wà nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Mo ti lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lórí ẹyọ kan, mo gbé àwòrán náà tóbi títí ó fi di kìkì àmì dúdú dúdú, kí n tó rí ìbàjẹ́ yíǹkì kékeré kan lábẹ́ “e” tó fi hàn mí pé omi ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rọ́pò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ ìlú yẹn ì bá ti gba ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ fún wọn.

Ẹnì kan nínú yín ti dá mi lóhùn pé kò ní yé àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ìyẹn tọkàntọkàn. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ó mọ ìwé ìrìnnà, ó mọ ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó mọ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ó gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí pé wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún òṣìṣẹ́ kan, kò bi mí pé ìwé wo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò kú lẹ́nu wọn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó ti ní orúkọ kejì tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ohun tí ọmọ mi kò mọ̀ ni pé nígbà kan, ìwé máa ń dá lọ láìní ẹni tó ń tẹ̀lé e. Ìwé ìròyìn àtijọ́ nìkan ló lè fi ìyẹn hàn án.

N kò sọ pé kí a lé lẹ́tà tàbí rìsíìtì jáde nílùú. Àlejò tó ti pẹ́ nílé ni wọ́n, ọmọ ilé ni wọ́n báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni mo fẹ́ mọ̀. Ọdún wo ni oníròyìn kan kọ́kọ́ kọ lẹ́tà níbi tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti máa ń kọ ìwé? Ṣé ní Èkó ni kó tó dé Ìbàdàn? Ṣé inú ìpolówó ọjà ló ti wọlé, àbí inú ìròyìn kóòtù? A lè rí ìdáhùn bí a bá tẹ ojú ìwé wọ̀nyí bí wọ́n ṣe rí. Bí a bá fi lẹ́tà sínú gbogbo rẹ̀ láti 1859, a ti fi ọwọ́ ara wa pa ipasẹ̀ náà rẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní owó nínú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oníròyìn dúró sójú ìlà. Bí ìtumọ̀ bá fẹ́ ṣòro, kí a fi àlàyé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìwé ilẹ̀ ni èyí, ìwé owó orí ni ìyẹn. Kí a kọ ọdún àti ojú ìwé sí i. Níbi tí kò bá dá wa lójú, kí a sọ pé kò dá wa lójú, kí a fi àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ dá ju tiwa lọ.

Mo ti padà sí àwọn ojú ìwé tí mo bàjẹ́. Ìkéde ilẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú un lọ fún Bàbá nílé wọn. Wọ́n kà á sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé ìlà kẹta, wọ́n dúró, wọ́n sì tún un kà. Wọ́n wá ṣẹ́ ẹ ní mẹ́rin, wọ́n fi í ti èkejì nínú ọ̀rá náà, wọ́n so okùn.

Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló ṣì kù níwájú mi. Bí ẹ bá lè dá ìlànà kejì yẹn dúró láti oṣù tó ń bọ̀, kò ní sí òmíràn tí a máa fi kún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn olùtẹ̀wé yín, Ìbàdàn